Ẹni Tó Gbé Ẹ̀jẹ̀ Tèmi-yé-mi: Ìdágbére fún Dókítà Ayédùn

Ó dìgbà, Dókítà. Ó dìgbà tí a bá tún rí ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rìn láti Ìbà dé inú ọgbà yunifásítì lábẹ́ oòrùn, tí yóò di kúlà mọ́ àyà bí ìyá ìkókó, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ajá kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ mì. Ikú ti ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó mú yín lọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, nígbà tó ku ọdún méjì péré kí ẹ fẹ̀yìn tì.

Èmi ni Sìkírátù, tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Láàbù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín. Ìyàwó yín ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí. Mo ní n kò mọ ọ̀rọ̀ ìyìn kọ, pé iṣẹ́ tí ọkọ wọn kọ́ mi ni kí n kọ ohun tí mo bá rí, kí n kọ aago tí mo rí i, kí n sì buwọ́ lù ú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n ṣe. Nítorí náà, kí àwọn tó ń kà á má bínú bí oyin inú rẹ̀ kò bá pọ̀. Àwọn ẹbí yín tó ti Èkìtì wá yóò kì yín, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó bu iyẹ̀pẹ̀ lé yín lórí. Ní Òkokomáìkò àti ní Ìbà, àwọn kan ṣì ń pè yín ní dókítà tó pa ajá sójà láìnídìí. Òmíràn nínú wọn jókòó síbí lónìí, ó di ìwé yìí lọ́wọ́. Ajá náà kú lóòótọ́. Àìsàn tí ẹ sọ pé ó ń ṣe é kọ́ ló ń ṣe é, òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo ṣe é, mo sì fi í pamọ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, fún àwọn tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ti mọ̀ yín. Ẹ máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, ẹ ó sì wà ní ilé ìwòsàn ẹranko yín ní Ìbà ní ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ajá wá, ajá lẹ máa ń kí kí ẹ tó kí ẹni tó mú un wá. Àwọn kan ka ìyẹn sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní, "Ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ kí. Ẹni tó mú un wá á rojọ́ tiẹ̀ dandan." Bí ẹnìkan bá sì pa òwe ajá tó máa sọnù, tí kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ojú yín a le. Ẹ ní ọdẹ ni kò mọ fèrè fọn, ajá ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Gàrí lẹ máa ń mu ní aago kan ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun, ẹ kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀pà náà kan omi. Ẹ ní ẹ̀pà tó bá ti rọ̀, ó ti ṣẹ́ ẹ̀pà. Ẹ le, kí n má purọ́. Ẹ lè kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé ó fi ìlẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ láìtì. Bí ẹ bá sì kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé, tí ẹ wá rí i pé ó ṣì, ẹ kì í pa á rẹ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ máa ń fà gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá pa àṣìṣe rẹ́ ti di olè.

Iṣẹ́ tó gba ọkàn yín ni jẹjẹrẹ inú ajá. Ní àdúgbò wa, ìgbà tí ènìyàn bá máa fi rí kókó lọ́rùn ajá rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ajá àwọn. Ẹ̀yin wá ń wá ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú túùbù yóò fi sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ kọ́ wa pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó para pọ̀ di ara ló máa ń ju àpò wínníwínní sínú ẹ̀jẹ̀, àpò tó kéré débi pé awò lásán kò lè fi í hàn. Ohun tó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní tirẹ̀, ó sì ní àmì tí a lè dá a mọ̀. Báyìí lẹ ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó bá mú ajá wá: "Ẹ wo ìdọ̀tí tí wọ́n dà síta ní ilé kan láàárọ̀. Ṣé ẹ ò ti mọ nǹkan tí wọ́n sè lánàá?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì na ajá sí yín.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú un dì bí ara bá bó. Àwọn náà ní àpò tiwọn. Bí a bá mi ẹ̀jẹ̀ náà, tàbí tí a jẹ́ kó pẹ́ nínú ooru, wọ́n á tú àpò sílẹ̀ yàlàyòlò, àwọn kan nínú wọn á sì jọ èyí tí à ń wá. Ajá tí kò ní nǹkan kan á wá dà bí ẹni tí jẹjẹrẹ ti jẹ tán nínú. Ìdí nìyẹn tí òfin yín fi wà. Túùbù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán nínú kúlà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e gun ọ̀kadà. Kí wákàtí kan tó pé, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ tó ń fi eré yí ẹ̀jẹ̀ láti ya omi ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí á sì kọ aago tó wọlé sínú rẹ́jísítà. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ dáadáa, èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Tèmi-yé-mi ni orúkọ ajá náà. Ajá Jámánì ni, etí rẹ̀ nà ró, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì kúrò ní bárékè wá kọ́lé sí Òkokomáìkò, ló ni ín. Nígbà tí sájẹ́ǹtì kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú ajá, gbogbo wa sì ń pe ìyá náà ní Ìyá Sájẹ́ǹtì. Ajá yìí kò jẹun mọ́, ó rù, kókó sì wú sí i lábẹ́ àgbọ̀n. Kò lè dìde. Ẹ̀yin àti èmi lọ bá a nílé. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé kúlà lé mi lọ́wọ́, ẹ sì dúró láti fi omi sí i lára. Ẹ ní, "Ìyá Láàbù, ẹ rọra máa lọ o."

Ẹ̀rọ tiwa ti bàjẹ́ nígbà náà, kóìlì rẹ̀ jó. Ẹ ti bá ẹ̀ka kejì sọ̀rọ̀ pé a ó lo tiwọn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá Uche ní Ọjà Àlàbá ló ń bá wa tún tiwa ṣe. Bí mo ṣe jáde sí ojú títì ni ó pè mí lórí fóònù pé ẹ̀rọ ti ṣe tán, pé òun ń lọ sí abúlé àwọn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì máa tó oṣù kan kí òun tó dé. Mo rò ó. Mo ní bí n kò bá gbà á lónìí, láàbù kò ní ní ẹ̀rọ fún oṣù kan. Mo gun ọ̀kadà. Mo kọjá gééètì yunifásítì, níbi tí láàbù wa wà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nínú kúlà lórí itan mi, mo ń wò ó bí mo ṣe ń kọjá, mo sì lọ sí Àlàbá.

Mo rò pé màá kàn gba ẹ̀rọ ni, kí n yà bọ̀. Uche kò gbà. Ó ní, "Mama, wait small. I no dey give person wetin I never test." Ó tan án, ó pa á, ó tún tan án. Iná lọ, ó tan jẹnẹrétọ̀. Ohun tó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ooru irin tó fi ń jó òjé ń fẹ́ sí mi lára. Mo tún gun ọ̀kadà bọ̀, ẹ̀rọ níwájú, kúlà lẹ́yìn, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn la sì jìn sí.

Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo wọlé. Mo wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó pupa, kò dì. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo yí i, mo sì kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wọlé. Aago tó yẹ kí n dé ni mo kọ. Inú mi tún dùn pé mo ti gba ẹ̀rọ wálé. Mo rò pé ẹ máa yìn mí.

Èsì jáde, àmì jẹjẹrẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ lọ sọ fún Ìyá Sájẹ́ǹtì. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má jẹ́ ó jìyà. Ọkọ mi jìyà tó kó tó lọ." Ẹ gún ajá náà lábẹ́rẹ́ àsùnùnjí, ìyá gbé orí rẹ̀ lé itan. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àyè pé kí ẹ là á, kí ẹ lè mọ ibi tí jẹjẹrẹ náà dé, ìyá sì gbà. Èmi ni mo di àtẹ lọ́wọ́. Kò sí jẹjẹrẹ níbì kan. Àìsàn tí eégbọn máa ń kó bá ajá ni, èyí tó máa ń mú kí kókó wú. Oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ì bá wò ó sàn.

Ẹ padà sí láàbù, ẹ ṣí rẹ́jísítà. Ẹ ní, "Ìyá Láàbù, aago tó wà níbí yìí, ṣé òun ni?" Mo ní, "Òun ni, sà." Ẹ pa ìwé náà dé. Ọkọ mi ń ṣàìsàn nígbà náà, ìgbéga mi sì wà lórí tábìlì àwọn aláṣẹ. Àmọ́ n kò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ẹ̀rù ló bà mí.

Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ sí Àlàbá láti ra fíúsì tuntun fún ẹ̀rọ wa. Uche ti dé láti abúlé. Ó ní, "Mama, your oga come here last week. E no buy anything. E just siddon for that chair wey you siddon, dey look clock. After, e carry him cooler enter okada go." Nígbà tí mo dé láàbù ni mo tó wo ara ẹ̀rọ náà dáadáa, mo rí i pé Uche ti lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ tó tún un ṣe àti aago tí mo gbà á síbẹ̀. Ẹ ti kà á kí n tó kà á. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo rí i níbẹ̀ pé ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ajá tiyín, ẹ pín in sí méjì, ẹ fẹsẹ̀ gbé ìdajì wá sí láàbù, ẹ sì gbé ìdajì kejì gba ọ̀nà tí mo gbà. Èyí tó lọ sí Àlàbá ló ní jẹjẹrẹ. Ajá yín kò ní nǹkan kan, ó ń gbó ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ kò bi mí léèrè mọ́. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sórí páálí, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú ibi tí mo máa ń jókòó: "Ẹ̀jẹ̀ kì í yà lọ́nà." Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kà á láràárọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbẹ́ kòtò yìí, ẹ̀yin lẹ jìn sí i. Ẹ lọ bá Ìyá Sájẹ́ǹtì, ẹ sọ fún wọn pé ajá wọn kò ní jẹjẹrẹ, pé àṣìṣe yín ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn tó ń mú ajá wá sí Ìbà dín kù títí ó fi ku àwa àti àwọn aláǹgbá. Ẹ kó gbogbo èsì ọdún yẹn sọnù, ẹ tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, oyè ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi yín jẹ sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá bú yín ní ibùdókọ̀, ohun kan ṣoṣo lẹ máa ń sọ: "Ajá kú lóòótọ́."

Kí n kọ èyí náà, nítorí mo rí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ajá kan ní Ìbà sọ pé jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajá náà ń jẹun, ó ń sáré. Ẹsẹ̀ ni mo fi gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ wá inú rẹ̀, ẹ rí i, ó kéré bí hóró àgbàdo, ẹ yọ ọ́. Ajá náà ṣì wà láyé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá yín dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, mo wá kí yín, mo sì ti pinnu. Mo ní, "Sà, ọ̀rọ̀ ajá Ìyá Sájẹ́ǹtì yẹn..." Ẹ kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹ ní, "Ìyá Láàbù, wọ́n ń bọ̀ wá gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ lọ jẹun." Ọjọ́ kẹta ni ẹ lọ. Mo bínú sí yín nítorí ìyẹn, mo ṣì ń bínú díẹ̀.

Ìyàwó yín ka ọ̀rọ̀ yìí kí a tó fún àwọn atẹ̀wé. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ṣé ó mọ̀?" Mo ní ẹ mọ̀. Wọ́n ní, "Ó wá lè jókòó jẹun lójoojúmọ́, kó má sọ fún mi." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ni ajá, nítorí kò dára kí ìyá náà kà á nínú ìwé.

Mo lọ sí Òkokomáìkò lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ìyá Sájẹ́ǹtì ti darúgbó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: gééètì tí mo kọjá, ṣọ́ọ̀bù tí mo jókòó sí, aago tí mo kọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọn kò bú mi. Wọn kò sì ní kò burú, nítorí ó burú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Mo bi í léèrè lọ́jọ́ tó wá sọ fún mi. Mo ní, Dókítà, ta ló gbé ẹ̀jẹ̀ ajá mi dé láàbù? Ó wò mí lójú. Ó ní òun ni òun gbé e."

Mo padà sílé, n kò lè jẹun. Ọdún mọ́kànlá, Dókítà, n kò rí i kí ẹ kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Ẹyọ irọ́ kan tí ẹ pa láyé yín, èmi lẹ pa á fún, ẹ sì rù ú dé ẹnu sàréè. Àwọn tó wà níbí yóò fẹ́ pe ìyẹn ní ìwà rere, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ó ń dùn mí ni.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ wàyí, kì í ṣe ẹrù yín. Èmi ni mo gbé e. Ẹ sùn re o, ọ̀gá mi.